Ìran Ìyá Dúpẹ́ Ni, Kì í Ṣe Tèmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, gbígbé e kiri sì ti sú mi. Ǹ bá tún pa á mọ́ra, àmọ́ obìnrin kan fẹ́ jẹ́rìí nípa mi níwájú ìjọ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ̀rí náà kì í sì í ṣe òtítọ́. Èmi ni mo jẹ́ kó gbà á gbọ́.

Ayàwòrán ni mí. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ya tèmi: áńgẹ́lì, ìtẹ́ ògo, ẹranko olójú púpọ̀, iná lórí omi. Lóṣù tó kọjá, mo tẹ̀ wọ́n jáde ní ńláńlá, mo pàtẹ wọn sínú gbọ̀ngàn kan ní Igbókòdá. Èrò wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, àwọn ará omi náà wọ ọkọ̀ wá láti Òde Máhìn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. Ààwẹ̀ ọjọ́ mélòó ni mo máa ń gbà kí n tó rí irú nǹkan báyìí?

Tíṣà kan tẹ̀ lé mi títí dé ibi tí mo ti fẹ́ mu omi. Ó ní kí n ṣáà sọ sáàmù tí mo ń kà fún òun. Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò gbààwẹ̀, mi ò ka sáàmù kankan." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó kù díẹ̀ kí n já gbogbo àwòrán náà lulẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni tíṣà ṣe? Èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ìran tí Ọlọ́run fi hàn mí ni.

Mi ò ríran rí láyé mi.

Nígbà tí ìjà odò ń lọ lọ́wọ́, tí abúlé ń dáná sun abúlé, akọ̀wé ìran ni mo jẹ́ ní ìjọ aláṣọ funfun wa, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Awóyè. Bí ẹ̀mí bá gbé aríran, kì í mọ ohun tó ń sọ. Bí ojú rẹ̀ bá walẹ̀, kò ní rántí ẹyọ kan. Orin àti ìpàtẹ́wọ́ kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó kù gbọ́. Akọ̀wé nìkan ló máa ń kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò. Lẹ́yìn ìsìn, ohun tó bá kọ ni Bàbá Alàgbà máa kà fún ìjọ.

Ìyá Dúpẹ́ ni aríran wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, edé ló ń tà. Dúpẹ́ nìkan lọmọ tó bí.

Lásìkò yẹn, ọkàn ẹnikẹ́ni ò balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Dúpẹ́ ti rí iná, ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo abúlé ti di ẹrù sínú ọkọ̀, tí a sá lọ sí Igbókòdá. Ẹ̀ẹ̀mejì náà la padà tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀, àfi ẹja wa tó ti jẹrà. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ. Nígbà kejì yẹn, òjò pa á lórí omi títí a fi dé èbúté. Ó ní bí mo bá tún gbé òun sọ́kọ̀ nítorí ìran, ilé bàbá òun ni òun máa sọ̀ sí.

Ni ẹ̀mí bá tún gbé Ìyá Dúpẹ́ ní ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó ní ọkọ̀ dúdú méje ń bọ̀ láti ẹ̀yìn igi àgbọn, wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á. Ó ní òun rí agogo ìjọ nísàlẹ̀ omi, ó ń dún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo kọ ọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń pòṣé. Mo ní nínú ara mi, ìyá yìí tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ó sú mi ni. Mo fa ojú ìwé náà ya, mo ká a pọ̀, mo tì í sábẹ́ èèpo ẹ̀yìn ìwé. Nígbà tí Bàbá Alàgbà béèrè, mo ní àdúrà fún àwọn aboyún ni, àti àbẹ́là mẹ́ta. Wọ́n sì tan àbẹ́là mẹ́ta.

Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé ni wọ́n dé. A ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì kankan, àfi iná tí a rí lórí òrùlé. Èmi àti ìyàwó mi rí ọkọ̀ wọ̀, àpò tí mo kó ìwé wa àti ìwé ìran sí wà lọ́rùn mi. Dúpẹ́ ò jáde nínú ilé. Àwọn mìíràn náà wà, mi ò lè dárúkọ wọn níbí.

Inú kíláàsì ni wọ́n kó wa sí ní Igbókòdá. Níbẹ̀ ni àwọn ará ìjọ ti dojú kọ Ìyá Dúpẹ́. Wọ́n ní ó ń rí abẹ́rẹ́ tó sọnù nílé onílé, kò rí iná nílé ara rẹ̀. Wọ́n gba àmùrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ sùtánà fúnra rẹ̀, ó ní wọn ò jẹ̀bi, ẹ̀ṣẹ̀ òun ló mú kí Ọlọ́run dákẹ́ sí òun. Èmi ni mo dì í mú, tí mò ń ní kó má sunkún mọ́. Ojú ìwé náà wà nínú àpò tí mo fi ń ṣe ìrọ̀rí.

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di ọdún. Mo lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ákùrẹ́. Bí mi ò bá rí ohun tí mo lè yà, màá ṣí ìwé ìran yẹn. Gbogbo ohun tó wà lára ògiri gbọ̀ngàn, ẹnu Ìyá Dúpẹ́ ló ti jáde. Nígbẹ̀yìn, mo ya ti ojú ìwé tí mo fà ya náà, ọkọ̀ méje àti agogo lábẹ́ omi. Òun gan-an ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn jù. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ṣì ń sáré, wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kẹta ìpàtẹ, Ìyá Dúpẹ́ wọlé, ó ń tẹ̀pá. Ó dúró níwájú àwòrán ọkọ̀ méje náà.

Ó ní, "Ọma mi, ìgbà wo ni Ọlọ́run fi èyí hàn ọ́?"

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Ọjọ́ Ẹtì ni, Mà. Kí wọ́n tó dé."

"O ò sì sọ fún wa?"

"Kò yé mi nígbà náà, Mà."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí pé Ó dákẹ́. Èmi ni mi ò mọ́, ló ṣe fò mí wá bá ọ."

Ìyá àgbà yìí bá kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní kí n gbàdúrà fún òun. Àwọn èèyàn ń wò wá. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo sì gbàdúrà. Nígbà tó dìde, ó ní òun máa padà sí ìjọ lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù yìí láti jẹ́rìí pé Ọlọ́run kìlọ̀ fún wa lóòótọ́, pé èmi ló fi hàn, òun ni òun ò yẹ láti gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé kí n gbààwẹ̀. Ojú ìwé náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, mo sì padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ bá mi sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún ìyá kan pé Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀, pé èmi ni mi ò jẹ́ kó gbọ́?