Wọ́n Bi Mí Pé Ṣé Èdè Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ, aládùúgbò wa ní Ọ̀tà, ti sọ fún mi pé ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ọmọ wọn bọ̀ ti kúrò ní Ìlú Òyìnbó, mo ń sá fún ojú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Mo tẹ̀ lé ọkọ mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Mo ti jáde ilé-ìwé gírámà, mo rò pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ilé tí a kọ́kọ́ dé sí, mo ní kí wọ́n fún mi ní “ṣíà” kí n jókòó. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe pè é, ọmọ Gólíkóòsì, ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Íńdíà. Ojú tì mí débi pé mo sunkún.

Nígbà tí a kó lọ sí ilé mìíràn, mo sọ fún wọn pé ọmọ Fíríìtáùn ní Sàró ni mí, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi tọ́ mi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ohun tó o ti sọ nìyẹn o, má dójú tì mí.” Ìdí nìyẹn tí a kò fi sọ Yorùbá sí ọmọ tí a bí síbẹ̀ rárá.

Ìgbà náà ni Lásísì dé sínú ilé náà. Ọmọ Ọ̀tà ni, ilé wọn kò jìnnà sí ilé ọkọ mi. Ìyá rẹ̀, Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ló ń se ọṣẹ dúdú tà lọ́nà Sáńgo. Ó rí mi lórí àtẹ̀gùn, ó pariwo pé, “Háà! Ìyàwó wa! Ẹ kú òtútù o!” Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé n kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó wò mí títí. Kò tú àṣírí mi. Bí a bá ti pàdé, á kàn rọra sọ pé, “Màdáàmù Fíríìtáùn, ẹ ǹlẹ́ o.”

Nígbà òtútù, ibà gbé e dè. Onílé pe dókítà, ó sì pe gbogbo wa sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, Gẹ̀ẹ́sì ti fò lọ lórí rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ki ara rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kì í: “Àjàní, ọmọ ọlọ́ṣẹ. Ọṣẹ kì í bínú omi.” Ó ń tún un kì, ó ń tún un kì.

Dókítà bi wá pé, “Ṣé èdè ni eléyìí, àbí wèrè ló ń ṣe?”

Ọkọ mi kò sí nílé. Kò tún sí Yorùbá mìíràn níbẹ̀. Lásísì gbójú sókè, ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ní, “N kò mọ̀ ọ́n. Mi ò rò pé èdè ni.”

Wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́, a sì kó kúrò níbẹ̀. N kò lọ wò ó rí.

A ti padà sí Ọ̀tà báyìí. Ìyá Ọlọ́ṣẹ fẹ́ràn ọmọ mi tí kò gbọ́ Yorùbá nígbà tí a dé. “Òyìnbó mi” ni wọ́n ń pè é. Àwọn ni wọ́n kọ́ ọ lédè tí èmi ìyá rẹ̀ fi dù ú. Ẹ gbọ́ ohun tó ń pa mí: oríkì ọmọ wọn ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n. Bó bá ti ń ṣeré nílẹ̀, mo ń gbọ́ ọ: “Àjàní, ọmọ ọlọ́ṣẹ…”

Wọ́n ti ka lẹ́tà fún Ìyá pé orí ọmọ wọn dàrú, pé wọ́n ń dá a padà; Ìyá wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ìwọ lo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wàá bá mi dé èbúté Àpápá, kó o bá mi gbọ́ ohun tí òyìnbó bá sọ nípa orí ọmọ mi.”

Mo ní, “Ẹ ẹ́n, Ìyá.” Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kúnlẹ̀ fún Ìyá kí ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀? Mo ń bẹ̀rù omijé ìyá, kó má baà ta bá ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní. Àbí kí n dákẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn? Bí Lásísì bá sọ̀ kalẹ̀, tó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, tó sì ní, “Ìyàwó wa,” èdè wo ni n ó fi dá a lóhùn?