Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Ilé Wa

Ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì. Ìyàwó mi, sún mọ́ mi. Ìwọ gan-an ni mo ní kí ọkọ rẹ lọ pè. Ní ọsibítù, wọ́n ní ọkàn mi ti rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀ lọ. Bí mo bá parí, ẹni tó bá fẹ́ ṣépè fún mi kó ṣẹ́ ẹ.

O lè ti gbàgbé ohun tó dá a sílẹ̀. Ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, pálọ̀ kún fún àlejò, mo gbé e mọ́yà. O já a gbà. O ní, "Màmá, ọwọ́ yín ń gbọ̀n, ẹ má lọ jù ú sílẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ tí mo fi ránṣọ tọ́ ọkọ rẹ dàgbà! Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo búra nínú mi pé ọmọ yẹn náà ni màá fi gbẹ̀san.

Ọmọ dàgbà, ó di alápàáǹdẹ̀dẹ̀: kò bà síbí, kò bà sọ́hùn-ún. Bó bá ń jẹun, ìdí rẹ̀ kì í kan àga. Bàtà ẹsẹ̀ kan á wà níléèwé, èkejì á wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. O wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ: "Màmá, nọ́ọ̀sì kan tí mo ń ṣerun fún ní ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ADHD. Ó ní bí ọpọlọ ọmọ mìíràn ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe àìgbọ́ràn. Kí lẹ rò?"

Kí ni mo rò? Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó! Irú rẹ̀ ni mo bí. Ìwọ ọmọ mi, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yẹn ni mo máa ń so ọ́ mọ́ kí n tó lè rán ọrùn ẹ̀wù kan tán. Ṣùgbọ́n mo wojú ìyàwó rẹ, mo ní, "Nọ́ọ̀sì wo? Ẹgba ni kò tí ì tó o. Ìyá tó mọ ọmọ tọ́ kì í wá àrùn tí yóò dì lé e lórí." Ojú rẹ̀ rọ. Ó dùn mọ́ mi.

Láti ìgbà náà, bí àlejò bá ti wọlé, màá pe ọmọ: "Lọ bu omi wá, kó o mú ìpara mi bọ̀, kó o sì ti fèrèsé." Mo mọ̀ pé omi nìkan ni yóò rántí, bí kò bá pàdé labalábá lọ́nà. Màá pariwo, ojú á ti ìyá rẹ̀, á fà á wọ yàrá, màá sì máa gbọ́ ìró ẹgba bí ẹni ń gbọ́ orin. Ìkà ni mí, ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi, o kò sinmi, o mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, mo bá yín lọ. Ó bèèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé ṣe báyìí ní kékeré. O yíjú sí mi: "Màmá, bàbá rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, "Ọmọ tèmi? Ibi tí mo bá gbé e kalẹ̀ sí ni mo máa ń bá a." Nígbà tí dókítà ní kẹ́ ẹ padà wá, èmi ni mo lọ bá ọkọ rẹ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀, mo ní o fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ di wèrè. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbà kẹ́ ẹ padà.

Èyí tó burú jù ló kù. Lọ́jọ́ tó ò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, o ti géètì dáadáa. Mo lọ yọ irin rẹ̀, mo ṣí i gbayawu. Mo fẹ́ kí aládùúgbò bá ọmọ ní títì, kó fà á wálé, kí ojú tún tì ọ́. Ológbò kan kọjá, ọmọ sáré tẹ̀ lé e jáde. Kí n tó padà dórí àga mi, mo gbọ́ alùpùpù, mo gbọ́ igbe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ọkọ rẹ ń pariwo, "Ta ló ṣí géètì?" O ń búra pé o tì í. Mo ní, "Iwájú ilé ni mo wà o, mi ò rí i kó o tì í." Ó kó ẹrù rẹ síta. Mo dúró lójú fèrèsé, mo sọ lọ́kàn mi pé, ọwọ́ ta ló ń gbọ̀n báyìí?

Ọmọ ló ṣẹ́gun mi. Mo ń fún un lóúnjẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú. "Màmá àgbà, ẹ bá mi bẹ mọ́mì kí wọ́n padà wálé. Èmi ni mo ṣí géètì. Mi ò rántí pé mo ṣí i, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ̀ pé mo máa ń gbàgbé nǹkan." Mi ò lè gbé ṣíbí yẹn mọ́.

Ọmọ mi, mú un padà lọ bá dókítà, kó o sọ irú ọmọ tí ìwọ náà jẹ́ fún un. Ẹni tó bá sì ní ọ̀tá, kó dojú kọ ọ̀tá rẹ̀. Kó má gba orí ọmọ kọjá. Ìyàwó mi, mi ò lójú tí mo fi lè ní kó o dárí jì mí lónìí. Àmọ́ kó o tó bínú dìde, bá mi pe ọmọ yẹn wọlé, kí n fẹnu ara mi sọ fún un pé kì í ṣe òun ló ṣí géètì.