Oúnjẹ Tí Júdásì Náà Jẹ

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá méjì tó wà níwájú mi nìyí, lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí a tò láti ra kẹrosíìnì ní Ìwó.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ti jáde ni?"

"Rárá, Alájà. Oúnjẹ Olúwa ló kàn, mo bá dìde. Ẹni tó ń bínú kì í jẹ ẹ́, àbúrò mi sì jókòó sọ́ọ̀ọ́kán mi."

"Ìjà ọjọ́ ìsìnkú yẹn náà?"

"Ó sọ lójú gbogbo ará ilé pé mi ò tọ́jú ìyá wa. Èmi tí mo ń pọn wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé! Ó ti rẹ̀ mí, Alájà."

"Kò wá bẹ̀ ọ́?"

"Ó bẹ̀ mí. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀."

Alájà fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ síwájú.

"Mo lọ sílé ìwé ìjọ yín díẹ̀ kí bàbá mi tó yọ mí kúrò. Wọ́n ní Ànábì Ísà mọ ẹni tó máa dà á, ó sì bá a jẹun. Àbí irọ́ ni wọ́n pa fún wa?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Júdásì jẹ ńbẹ̀, ìwọ wá ń ra kẹrosíìnì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Kuta tí a kì í kí ara wa mọ́, n kò lè rín in.

Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀. "Wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán báyìí."

"Búrẹ́dì ni wọ́n jẹ tán. Wọn ò jẹ àbúrò rẹ tán. Gbé kẹ́ẹ̀gì tìrẹ fún mi, kí o máa lọ bá a."