Mi Ò Sọ fún Màmá Mi Pé Kámẹ́rà Náà Kì í Dún

Gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ń yin àwòrán kan tó wà lára ògiri. "Ẹ wo Màmá bí wọ́n ṣe jókòó ṣánṣán! Àfi bíi pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀." Èmi ni mo ya àwòrán yẹn, mi ò sì lè gbójú sókè wò ó. Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Ṣakí. Kámẹ́rà ńlá tí mo fi kọ́ṣẹ́ wúwo bí ọmọ odó. Bí mo bá gbé e gun ọ̀kadà dé Otù, ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo wá kékeré lọ, irú èyí tí kò ní díńgí nínú, tó rọrùn láti gbé rìnrìn àjò, tó sì ń ya ojú èèyàn dáadáa. Méjì ni ọkùnrin tó ń tà á gbé síwájú mi. Ọ̀kan ń dún "kàá" bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ìkejì fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, kò sì ní fọhùn bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Ó ní, "Àǹtí, èyí tó ń dún ni kí ẹ mú. Àwọn àgbàlagbà wa máa ń fẹ́ gbọ́ ọ." Mo fi í rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ fi ariwo ṣe? Èyí tó dákẹ́ ni yóò jẹ́ kí n bá ojú èèyàn bó ṣe wà gan-an. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà, ìyẹn ò sì wá sí mi lọ́kàn rárá.

Ìgànná ni màmá mi ń gbé. Ọkàn ń yọ wọ́n lẹ́nu, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe wàhálà. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni ti káàdì ìdìbò, tí ojú wọn dúdú níbẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Mùsùlùmí ni wá. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, a ti sin ín kó tó di ìrọ̀lẹ́, àyè fọ́tò ò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè lọ.

Màmá wẹ̀, wọ́n fi ìborùn funfun borí, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn ìyálẹ̀ta. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: láyé ìgbà tiwọn, afọ́tò á ní "Ẹ má mí o!", wọn ò sì ní mí títí kámẹ́rà á fi dún. Màmá nà ró, wọ́n di èémí mú. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Mo tún un tẹ̀. Àyà wọn ò lọ, kò bọ̀, mo rí i! Iṣan ọrùn wọn yọ, mo rí ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ojú wọn ń dán, mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Mo ní lọ́kàn mi pé kí n ya ẹyọ kan sí i. Ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo tún ní ẹyọ kan sí i.

"Ọmọ mi, ṣé o ò tíì yà á ni?" Wọn ò sọ ọ́ tán tí wọ́n fi wó lulẹ̀ láti orí àga.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n jáde láyé ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn wọn ti bàjẹ́ tipẹ́, kí n má dá ara mi lẹ́bi. Kò sí níbẹ̀! Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ni màmá mi ń retí lẹ́nu mi.

Àwòrán tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi mú, ó ní ìyẹn ló dára jù. Òótọ́ ni. Ó ti ní kí n tẹ irú ẹ̀ fún gbogbo ọmọ-ọmọ kí Iléyá tó dé. Ṣé kí n sọ fún un pé èémí ló ń tán lára Màmá nínú àwòrán yẹn? Àbí kí n dákẹ́, kí wọ́n máa fi yangàn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ní báyìí, bí àgbàlagbà kan bá jókòó síwájú mi, ẹnu ara mi ni mo fi ń dún: "Kàá! Mo ti yà á, Màmá. Ẹ mí."