Àmì Tí Mo Fi Sórí Ọ̀rọ̀ Ìyá Aránṣọ

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé ìwé wa rí, dókítà ti bá mi sọ òótọ́ ara mi. Ó yẹ kí èmi náà bá yín sọ òótọ́. Ìwé ìtàn ilé ìwé wa tí àwọn ọmọ ń kà sókè lọ́dọọdún, èmi ni mo kọ ọ́ nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá. Irọ́ wà ní ojú ewé kejì, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́.

Fada tó dá ilé ìwé náà sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa, àmọ́ tó bá ń kọ ọ́, kì í fi àmì kankan sí i. Nínú ìwé ìrántí rẹ̀ ni mo ti rí i: “Awon omo wi pe, Iya Aranso ko wa.” Ìyá Aránṣọ ló kó àwọn ọmọ méjìlá àkọ́kọ́ sí yàrá tó ti ń ránṣọ, tó fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ kọ́ wọn ní á-bí-dí lórí tábìlì ìgéṣọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é kí ìyá mi tó dé bíi tíṣà. Ohun tí Fada ń wí ò fara sin: Ìyá Aránṣọ kọ́ wa.

Nígbà tí ilé ìwé pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìgbìmọ̀ ìjọ ní orúkọ olùkọ́ àkọ́kọ́ làwọn máa fi pe gbọ̀ngán tuntun. Mo fẹ́ kó jẹ́ ti ìyá mi. Ìgbéraga lásán ni, ojú ń tì mí. Mo tẹ̀ ẹ́ pé, “Ìyá Aránṣọ kọ̀ wá.” Mo fi kún un pé ìyá mi ló ṣàánú àwọn ọmọ tí Ìyá Aránṣọ lé dànù. Fada ti kú, àwọn méjìlá náà sì ti fọ́n ká. Àwọn tó kù nítòsí ò fẹ́ bá ọ̀gá jiyàn.

Mo kà á fún ìyá mi. Wọ́n ní, “Ìyẹn kọ́ ló ṣẹlẹ̀ o. Òun ló ti ń kọ́ wọn kí n tó dé.”

“Màámi, ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀.”

Lọ́jọ́ tí a ṣí gbọ̀ngán, àwọn ni wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù.

Ìyá Aránṣọ wá bá mi ní ọ́fíìsì, ìwé ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọmọ mi, àmì tó wà níbí yìí, ṣebí àṣìṣe ni?”

Ẹ wò ó, ó ṣílẹ̀kùn fún mi! Mo ní, “Bí Fada ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ nìyẹn, mà.”

“Jẹ́ kí n fojú mi rí i.”

“Ikán ti jẹ ìwé Fada, mà.” Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí orúnkún mi kàn ló wà. Bó ṣe jáde, mo kó ìwé Fada mọ́ àwọn ìwé ìdánwò àtijọ́, mo dáná sun ún lẹ́yìn kíláàsì.

Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ àbígbẹ̀yìn Ìyá Aránṣọ ní “Ọmọ Kọ̀wá”. Mo gbọ́ ọ láti fèrèsé, mo pa fèrèsé dé. Ọmọ náà ò parí ilé ìwé. Mo jẹ́wọ́ fún bíi mẹ́rin nínú àwọn Fada tó dé lẹ́yìn náà, “Mo parọ́.” N ò sọ irọ́ tó jẹ́ fún wọn rí. Wọ́n á ní kí n ka àdúrà Bàbá Wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, màá kà á tán, màá lọ jẹun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ó ti dìyá àgbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kò pariwo. Ó ní, “Màámi gbà yín gbọ́, mà. Títí wọ́n fi kú, wọ́n ń bi mí pé, ‘Kí ni mo ṣe fáwọn ọmọ yẹn tí wọ́n fi ní mo kọ̀ wọ́n?’ Wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò ṣẹ̀.” Ó dìde. “Èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀.”

Ẹ bá mi yọ orúkọ ìyá mi lára gbọ̀ngán náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó kọ ìtàn lẹ́yìn mi, ẹ má rò pé ẹni tí ẹ parọ́ mọ́ máa mọ̀ pé irọ́ ni. Ó lè gbà yín gbọ́.