Àpótí Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Jáde

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí iyọ̀ wọ́n débi pé ẹni tó bá rí i jẹ á dijú kó tó gbé e mì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínlàbí. Ẹ fọ sìmẹ́ńtì ọwọ́ yín, kí ẹ wá jókòó, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Akínlàbí ló kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí. Òun ló bí ẹni tó bí ẹni tó bí wa. Àgbẹ̀ ni, kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Akínlàbí níyàwó kan, Àyọ̀ká. Kò sí obìnrin tó mọ ògiri rẹ́ bíi tirẹ̀. Òun ló po amọ̀, òun ló fi rẹ́ ògiri ilé ìdáná wọn. Nígbà tó rẹ́ ẹ tán, ó fọwọ́ ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kó lè sinmi díẹ̀. Amọ̀ kò tíì gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì gbẹ síbẹ̀.

Nígbà tí àìsàn dá Àyọ̀ká dùbúlẹ̀, tó rí i pé òun kò ní dìde mọ́, ohun kan ṣoṣo ló bá ọkọ rẹ̀ sọ. Ọmọbìnrin wọn, Ṣùbúọlá, ti ní àfẹ́sọ́nà ní ìlú kan létí odò, ilẹ̀ ibẹ̀ a sì máa rin tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní kí Akínlàbí má jẹ́ kí iyọ̀ ọmọ òun domi nílé ọkọ. Ẹ mọ̀ pé ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ló ń ṣomi sí. Akínlàbí gbà. Àwọn àgbà ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn.

Lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ tán, ó gé igi afàrà, ó fi àáké là á sí pákó. Àpótí ló fẹ́ kàn, èyí tí yóò máa wà nídìí ààrò, níbi tí ooru iná kò ti ní jẹ́ kí iyọ̀ rin. Òjò ọdún náà kò dá. Ló bá ń gbé pákó wọ ilé ìdáná lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń kàn án nídìí iná. Irin gbígbóná ló fi ń lu ihò, ìṣó igi ló ń gbá wọ̀ ọ́. Bí pákó ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń fún mọ́ ìṣó, débi pé ẹni tó bá ní òun fẹ́ tú u, fífọ́ ni yóò fọ́ ọ. Láràárọ̀ ni Akínlàbí ń fọwọ́ kan ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lára ògiri, á ní òun ti ń ṣe é o.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Àwọn obìnrin ilé ọkọ wá mú ìyàwó. Ṣùbúọlá ti sunkún ìyàwó, wọ́n ti wúre fún un, wọ́n ti daṣọ bò ó lórí, ó ti bọ́ síta. Ìyàwó tó bá ti bọ́ síta kì í padà wọlé, ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣú bá a lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Akínlàbí ní kí wọ́n dúró, ẹrù kan kù. Wọ́n gbé àpótí dé ẹnu ọ̀nà. Kò jáde.

Wọ́n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò jáde. Wọ́n gbé e nàró, kò jáde. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi ìdí rẹ̀ ṣíwájú, ó há. Akínlàbí ń wo àpótí, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó tún ń wo àpótí. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e rárá. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni ilé ìdáná ní. Ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ṣebí ó yẹ kó gba ibẹ̀ jáde? Ó rò pé bóyá òjò ló mú igi wú. Ó rò pé bóyá ògiri ló súnra kì. Alárinà ní ìrókò ni wọ́n gé, ẹbọra inú rẹ̀ ni kò fẹ́ lọ sétí odò. Akínlàbí ní afàrà ni. Obìnrin kan ní kí wọ́n bẹ àpótí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n kúnlẹ̀ bẹ àpótí. Àpótí kò dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n, àbí? Àwọn kò mọ̀ ọ́n o. Tí ọkàn bá ti dàrú, ojú kì í ríran mọ́. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n Akínlàbí obìnrin, tó jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń jẹ obì tirẹ̀, ló wá ní àbúrò òun kò gbé àpótí kankan wọlé rí, pákó ló gbé wọlé. Akínlàbí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n yíyé tó yé e yìí, òmíràn tó le jù ló tún rú u lójú. Bí wọ́n bá tú àpótí, yóò fọ́. Bí wọ́n bá sún un di ọjọ́ mìíràn, ògiri ọ̀la náà ni ògiri òní. Àfi kí wọ́n fẹ ẹnu ọ̀nà. Lápá ọ̀tún, òpó tó gbé òrùlé dúró ló wà níbẹ̀. Lápá òsì, ọwọ́ Àyọ̀ká ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu Àyọ̀ká ló kan àpótí, ọwọ́ Àyọ̀ká ló wà lára ògiri, èwo lèèyàn ń fọ́ níbẹ̀? Ó gbé ọkọ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, àwọn obìnrin ilé ọkọ sì ti ń fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ṣùbúọlá sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n dà bò ó. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kó dúró. Màá so iyọ̀ mi mọ́ àjà. Ẹ má fọ́ ọwọ́ ìyá mi."

Ohùn ọmọ yìí ló la Akínlàbí lójú. Ó dìde. Ó ní, "Ṣùbúọlá, ìyá rẹ ò ní kí n máa ṣọ́ ògiri. Ìwọ ló fi sílẹ̀ fún mi."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ti ìyàwó rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbé ọkọ́ sókè. Ó ń sunkún bó ṣe ń wó o, kò fi pa mọ́ fún àna. Ọwọ́ náà fọ́, àpótí sì jáde. Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá a títí nínú èyí tó wó, ó rí ògúlùtu kan tí ipa àtàǹpàkò Àyọ̀ká ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé e sí igun àpótí kí iyọ̀ tó wọ̀ ọ́. Wọ́n ní iyọ̀ Ṣùbúọlá kò domi títí ó fi darúgbó. Bóyá ooru iná ni o, bóyá ìyá rẹ̀ ni o, èmi ò mọ̀.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kì wá ní ọmọ a-wó-ògiri-sin-ìyàwó. Ìdí nìyí tí ìyá tó bá bí obìnrin nílé wa fi ń tẹ ọwọ́ ara rẹ̀ sínú amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tí bàbá á sì wó o lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń lọ ilé ọkọ, kó lè rí ògúlùtu mú lọ sídìí ààrò tirẹ̀.

Mi ò bínú sí yín. Ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ fẹ́ kí ilé dára lójú àwọn tó ń bọ̀ wá mú Mojírọ́lá lọ́la, ẹ rí ipa ọwọ́ lára ògiri, ẹ rò pé ọmọdé ló fi ibẹ̀ ṣeré, ẹ sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ ìyá Mojírọ́lá ni. Ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí a sin ìyá Mojírọ́lá sí.

Sìmẹ́ńtì náà kò tíì le. Ẹ dìde, ẹ bu omi, kí ẹ lọ fọ̀ ọ́ kúrò. Jẹ́jẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fọ̀ ọ́.