Kókó Mẹ́ta Létí Aṣọ Ìbora

"Bàbá Túndé, aṣọ ìbora yín ti gbẹ." Ọ̀rọ̀ tí ìyá yín àgbà bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Àárọ̀ ni. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lọ.

Ẹ jókòó. Ẹ pa fóònù yẹn.

Nígbà tí agbára ṣì wà lára mi, láyé ìjọba ológun, ìjà ilẹ̀ oko gbé mi dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi retí adájọ́. Lẹ́tà ńkọ́? Wọ́dà á kọ́kọ́ kà á. Ìyá yín àgbà ò sì mọ̀wé. Ó ní, "Kí akọ̀wé kan jókòó ní Ìkìrun, kó máa ka ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì sókè? Rárá o."

Ẹ gbọ́... aṣọ ló ń gbé wá. Aṣọ òfì méjì ni mo fi ń bora. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á fi èyí tó fọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, á gba èyí tó dọ̀tí. Wọn kì í sábà jẹ́ kó rí mi. Wọ́dà á ní, "Ìyá Túndé, ṣé ọba ni ọkọ rẹ ni?" Á ní, "Ọba ni. Ẹ bá mi kí kábíyèsí."

Òwú etí aṣọ yẹn ló máa ń ta ní kókó. Mẹ́rin. Mẹ́ta fún àwọn ọmọ, ìkẹrin fún òun alára. Àlàáfíà ni wọ́n wà nìyẹn. Èmi á tú u kí n tó dá aṣọ padà. Mo ti gbọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo kà á. Mẹ́ta. Mo tún un kà... mẹ́ta! Ta ló kú? Àbí òun ni, tí ẹlòmíràn bá a gbé aṣọ wá? Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹlòmíràn ló ń jẹ gààrí mi.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, mo pariwo, "Ta ló kú?"

"Ikú kẹ̀? Túndé wà ní Inísà, lọ́dọ̀ màmá yín."

"Kí ló dé tí o ò ta tiẹ̀?"

"Mi ò fojú rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣé kí n jẹ́rìí èké fún yín ni?"

Wọ́dà rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lónìí ńkọ́? Ẹ̀yin ń tẹ "gbogbo wa wà dáadáa" ránṣẹ́, ẹ ò sì rí ara yín láti oṣù mẹ́ta.

Láti ìgbà tí mo ti délé, kò ta kókó mọ́. Àfi ìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí Túndé bàbá yín àtàwọn àbúrò rẹ̀ wá wò ó. Ó fojú rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ká aṣọ ìbora náà lórí okùn. Mo wo etí rẹ̀. Mẹ́ta.

Kò ta ti ara rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Mi ò tíì kó ẹrù rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ní Òkúkù. Mi ò tíì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì fi aṣọ náà bora. Mi ò tíì tú kókó kankan.